Harry Mills Tí Ó Ń Mú Ejò

Ìwọ ọmọ Kàbà tí o ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ o ti kíyè sí alángbá ní àsìkò ọyẹ́? Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, o kò ní rí i. Ìgbà tí oòrùn bá ta sí ara ògiri ni yóò tó jáde wá yá oòrùn. Ara alángbá, ejò àti ahún kì í mú ooru jáde bí ara ènìyàn. Oòrùn ni wọ́n gbára lé. Báwo ni ejò ṣe wá ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti ju ti ọyẹ́ wa lọ fún oṣù púpọ̀? Ọkùnrin kan wà tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Harry Mills ni orúkọ rẹ̀.

Wọ́n bí i ní ọdún 1840, nítòsí Lyndhurst, ìlú kékeré kan nínú igbó ńlá tí a ń pè ní New Forest, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tálákà ni. Brusher ni wọ́n ń pè é, èyí ni agbálẹ̀, nítorí pé ó máa ń gbá ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣeré. Ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí ó tó sọ ejò mímú di iṣẹ́. Ó wá kó lọ sínú ahéré kan tí àwọn tí ń sun èédú ti fi sílẹ̀ nínú igbó. Òun nìkan ni ó ń gbé ibẹ̀.

Irin-iṣẹ́ rẹ̀ kò ju àpò kan àti ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ pín sí méjì lọ. Bí ó bá rí ejò, yóò fi ẹnu ọ̀pá tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì mú un láàyè. (Ìwọ má dán an wò o! Paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ wa kì í ṣe ohun ìṣeré.) Ṣùgbọ́n mímọ ibi tí ejò wà ló ṣòro jù. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta ni ejò ibẹ̀ máa ń sùn nínú ihò. Bí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, wọn a jáde ní òwúrọ̀, wọn a ká jọ sí etí igbó níbi tí oòrùn ti ń tàn. Òtútù kò ì tí ì kúrò lára wọn, nítorí náà wọn kì í lè sáré. Bí oòrùn bá mú jù, wọn a yára sá pamọ́.

Ìbátan paramọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kì í yé ẹyin rárá. Ilẹ̀ tutù jù fún ẹyin, nítorí náà inú ni ìyá ń gbé àwọn ọmọ sí, tí ó ń bá wọn yá oòrùn títí yóò fi bí wọn. Òmíràn tí kò ní oró a máa yé ẹyin sínú ààtàn, kí ooru ìdọ̀tí tí ń jẹrà lè pa á.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ejò ni Mills mú. Ó ń ta púpọ̀ nínú wọn fún ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ẹranko mìíràn ti ń jẹ wọ́n. Àwọn àlejò a máa wá wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Lójú tèmi, ejò tí ó mú ti pọ̀ jù. Láti ọdún 1991, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ pa ìbátan paramọ́lẹ̀ yẹn mọ́ ní ilẹ̀ náà.

Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ahéré rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ náà di tirẹ̀ ni àwọn kan wá ba ahéré náà jẹ́. Ó kó lọ sí abúlé Brockenhurst, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, ọdún 1905. Àwọn ará abúlé dáwó ra òkúta funfun sí ojú oórì rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sí i lára, tòun ti ahéré rẹ̀, tí ó mú ejò lọ́wọ́.