Mary Stuart (1542–1587): Ọbabìnrin Tí Ẹnà Kó Bá

A bí Mary Stuart ní ààfin Linlithgow ní ilẹ̀ Skọ́tlándì ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1542. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀, James Karùn-ún, wàjà, ọmọ ọwọ́ sì di ọba. A gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1548. Ní 1558, ó fẹ́ Francis, àrẹ̀mọ ọba ibẹ̀, ẹni tí ó gorí ìtẹ́ ní 1559, tí ó sì kú ní 1560. Mary padà sílé ní 1561.

Ní 1565 ó fẹ́ Henry Darnley, ṣùgbọ́n wọ́n pa ọkọ náà ní oṣù Kejì ọdún 1567. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Mary fẹ́ Bothwell, ẹni tí ọ̀pọ̀ fura sí pé ó lọ́wọ́ nínú ikú náà. Àwọn ìjòyè dìtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fipá mú un gbé adé sílẹ̀ fún James, ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún kan.

Ní 1568 ó sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí Elizabeth Kìíní, ìbátan rẹ̀, lè gbèjà rẹ̀. Àhámọ́ ni ó bá níbẹ̀, fún ohun tí ó lé ní ọdún méjìdínlógún, nítorí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Kátólíìkì gbà pé Mary ni oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ́ sí.

Bí àwọn Yorùbá ti í fi ẹnà sọ̀rọ̀ kí àjèjì má baà lóye, bẹ́ẹ̀ ni Mary ń fi ẹnà kọ̀wé. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni fífi àmì kan rọ́pò lẹ́tà kan. Bí a bá fi lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọba yóò di pdb. Ẹnà Mary tún ní àmì fún odidi ọ̀rọ̀, àti àwọn tí kò nítumọ̀ rárá, láti dààmú ẹni tí ó bá fẹ́ tú u.

Síbẹ̀, ó ní àléébù. Lẹ́tà tí ó pọ̀ jù nínú èdè, àmì rẹ̀ náà ni yóò sábà pọ̀ jù nínú ìwé. Al-Kindi ti ṣàlàyé èyí ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Thomas Phelippes, tí ó ń tú ẹnà fún Francis Walsingham, ìjòyè Elizabeth, mọ ọgbọ́n náà dunjú.

Ní 1586, inú àgbá ọtí bíà ni ìwé Mary ń gbà wọ inú àhámọ́ rẹ̀ ní Chartley, tí ó sì ń gbà jáde. Kò mọ̀ pé amí Walsingham ni Gilbert Gifford tí ó ṣètò ọ̀nà náà. Ní oṣù Keje, Anthony Babington kọ̀wé sí i nípa bí wọn yóò ṣe gbà á sílẹ̀ tí wọn yóò sì pa Elizabeth. Mary fèsì ní ọjọ́ 17, kò sì kọ ète náà. Phelippes tú ìwé náà, ó sì fi ẹnà kan náà kọ àfikún ayédèrú sí i, tí ó fi béèrè orúkọ àwọn tí yóò pa ọba.

Wọ́n ṣẹjọ́ Mary ní Fotheringhay ní oṣù Kẹwàá, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí níbẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1587. Ọmọ ọdún 44 ni. Elizabeth kú láìbímọ ní 1603, James sì jọba lórí ilẹ̀ méjèèjì. Ní 1612, ó gbé òkú ìyá rẹ̀ lọ sí Westminster Abbey. Ní 2023, àwọn olùwádìí mẹ́ta kéde pé àwọn ti fi kọ̀ǹpútà tú ìwé ẹnà Mary tí ó lé ní àádọ́ta, tí ó wà ní yàrá ìkàwé ìjọba ní Paris, tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé tirẹ̀ ni.