Tim Horton: Difẹ́ńdà Tí Orúkọ Rẹ̀ Di Orúkọ Dónọ́ọ̀tì

Ìtàn agbábọ́ọ̀lù kọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń gbá họ́kì lórí yìnyín ni. Lónìí, kò sí ìlú ńlá tí èèyàn máa dé ní Kánádà tí kò ní rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ Tim Hortons sí, níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí àti dónọ́ọ̀tì. Orúkọ èèyàn ni o. Eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lórí yìnyín kí orúkọ rẹ̀ tó dé ojú pátákó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà, torí oòrùn ilẹ̀ wa kò jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Èèyàn mẹ́fà ni tíìmù kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín: gólì kan, difẹ́ńdà méjì, àti àwọn mẹ́ta tó wà níwájú. Bàtà tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ni wọ́n fi ń sáré. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá róbà dúdú pẹlẹbẹ kan tó le bí òkúta, tí wọ́n ń pè ní puck. Iṣẹ́ difẹ́ńdà ni kó dènà, kó fi ara gba ohun tó ń bọ̀, kó sì gbé puck jáde fún àwọn tó wà níwájú. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe rí nínú bọ́ọ̀lù wa: ẹni tó gbá góòlù wọlé ni wọ́n ń gbé lọ́rùn. Ẹni tí kò jẹ́ kí tiwa wọlé ńkọ́? Ó ti ń dá rìn lọ sílé.

Ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 1930 ni wọ́n bí Tim Horton ní Cochrane, ìlú kékeré kan ní àríwá Ontario, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an. Miles Gilbert ló wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n Tim ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa kùsà ló dàgbà sí. Nígbà tó di 1947, ó lọ sí ilé-ìwé St. Michael's ní Toronto, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó máa gbá họ́kì fún Toronto Maple Leafs. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ wa.

Kò kàn bọ́ sí tíìmù ńlá lójú ẹsẹ̀ o. Ọdún mẹ́ta ló fi gbá fún Pittsburgh Hornets, tíìmù kékeré, kó tó wọ Maple Leafs dáadáa ní 1952. Ní oṣù Kẹta ọdún 1955, òun àti Bill Gadsby ti New York Rangers forí sọ ara wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, àgbọ̀n rẹ̀ náà kán. Ẹlòmíràn ì bá ní ó ti tó. Horton padà sí pápá.

Ìgbà tó padà yẹn gan-an ni òkìkí rẹ̀ tó kàn. Maple Leafs gba ife Stanley ní 1962, 1963, 1964 àti 1967, òun sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Láti oṣù Kejì 1961 títí di oṣù Kejì 1968, ó gbá eré 486 tẹ̀léra nínú líìgì láì pa ẹyọ kan jẹ. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, awò ló ń lò bí kò bá sí lórí yìnyín. Àmọ́ ó lágbára bí erin. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, kì í sábà gbá ẹ̀ṣẹ́. Ńṣe ló máa ń gbá ẹni náà mọ́ra, tó máa fún un pinpin títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Owó tí àwọn agbáhọ́kì ń gbà nígbà yẹn kò pọ̀ bíi ti ìsinsìnyí. Horton ro ọjọ́ iwájú ìyàwó rẹ̀, Lori, àti àwọn ọmọbìnrin wọn mẹ́rin. Ó ta mọ́tò, ó ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran. Ní 1964, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù dónọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ní ìlú Hamilton. Ron Joyce, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, di alájọṣe rẹ̀ ní 1967.

Maple Leafs tà á fún New York Rangers ní 1970. Ó dé Pittsburgh Penguins, ó tún dé Buffalo Sabres ní 1972. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì 1974, ó gbá eré ní Toronto bí àgbọ̀n ṣe ń dùn ún tó. Lẹ́yìn eré, òun nìkan wa ọkọ̀ rẹ̀ tó ń sáré bí atẹ́gùn, ó forí lé Buffalo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ náà dojú dé ní St. Catharines. Kò de bẹ́líìtì, ọkọ̀ sì jù ú síta. Ó kú lẹ́ni ọdún 44. Ní 2005 ni àyẹ̀wò òkú rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé: ọtí tó wà lára rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà lọ.

Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n yọ ibi ọtí yẹn kúrò, pé kò dáa ká máa sọ àléébù òkú. Mo kọ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Sáà mẹ́rìnlélógún ló fi gbá eré 1,446 ní líìgì ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ewu kọjá, àmọ́ lóru ọjọ́ yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni tó dènà fún òun fúnra rẹ̀. Ẹnì kan tó sọ pé kó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ì bá tó.

Ní 1975, Joyce ra ìpín Lori nínú òwò náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là kan. Lẹ́yìn náà ni òwò ọ̀hún gbèrú di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù. Lori gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, kò jàre. Ní 1977, wọ́n fi orúkọ Horton sínú gbọ̀ngàn àwọn akọni họ́kì. Kò rí i.

Ẹ̀yin tá a jọ ń wọ ọkọ̀ wá sílé-ìwé lójoojúmọ́, bí ẹ bá rí dẹ́rẹ́bà tí òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ká pẹ́ dé sàn ju ká má dé lọ. Bí tíìmù wa bá sì gbayì lọ́jọ́ eré ìdíje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí àwọn difẹ́ńdà náà.