Helen Taussig: Dókítà tó tú àṣírí ọmọ tí ètè rẹ̀ ń dà bí aró

Láyé ọjọ́un, bí wọ́n bá bí ọmọ tí ètè àti èékánná rẹ̀ dà bí aró, ńṣe ni wọ́n máa ń retí ikú rẹ̀. Àwọn dókítà mọ̀ pé ọkàn ọmọ náà ní àbùkù, àmọ́ wọn ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Helen Taussig ló yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ìlú Cambridge, ní Massachusetts l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1898. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ikọ́ ife pa ìyá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà, Harvard kì í fún obìnrin ní oyè ìṣègùn. Ló bá gba Johns Hopkins ní Baltimore lọ, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1927. Lọ́dún 1930, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ, ó ń fi ìka mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ó sì ń fi ẹ̀rọ X-ray wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ó wá rí i pé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ló fún jù. Iṣan kan wà tí gbogbo ọmọ máa ń ní nínú oyún, tó ń dí lẹ́yìn ìbí. Àwọn tí tiwọn ò tíì dí, ara wọn le díẹ̀. Tó bá ti dí, aró ara wọn á pọ̀ sí i. Taussig ní kí wọ́n la ọ̀nà míì fún ẹ̀jẹ̀.

Alfred Blalock, oníṣẹ́ abẹ, gbà. Vivien Thomas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò rí yunifásítì lọ, ló fi ajá dán an wò títí tó fi ṣeé ṣe. Ní November 29, 1944, wọ́n ṣe é fún ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Ó lo oṣù díẹ̀ sí i láyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ètè ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan pọ́n lójú wọn lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ.

Jàm̀bá ọkọ̀ ló pa Taussig ní May 20, 1986, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé ẹni ọdún 88.

Ẹ̀yin òbí, ara ọmọ aláwọ̀ dúdú lè má fi aró yìí hàn. Ahọ́n àti ètè ni kẹ́ ẹ wò. Tí wọ́n bá dà bí aró, ẹ tètè gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.