Sourou Migan Apithy, aṣòfin tí àgbègbè ìdìbò rẹ̀ gba ilẹ̀ méjì

 

Lónìí, bí a bá fẹ́ yan aṣòfin, Adja-Ouèrè, Sakété àti Ifangni ló jọ wà ní àgbègbè ìdìbò kan, èyí tí ìjọba fún ní nọ́ńbà 21. Ọmọ ogún ọdún lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí Dahomey, láti etí òkun títí dé odò Ọya, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ Tógò, jẹ́ àgbègbè ìdìbò kan ṣoṣo. Ọmọ ilẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ń ṣojú gbogbo rẹ̀ ní Paris. Sourou Migan Apithy ni ẹni náà.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1913. Gùn ni, kì í ṣe Nàgó, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa létí: sùúrù tí àwa ń sọ náà ni Gùn ń sọ. Ó kàwé lọ́dọ̀ àwọn fadá, ó kọjá sí Bordeaux àti Paris, ó kọ́ ìmọ̀ òṣèlú àti ìṣirò owó. Fadá Francis Aupiais, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Àjàṣẹ́, mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, ìjọba Faransé gbà pé kí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ rán aṣòfin wá. Àpótí ìbò méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún Dahomey àti Tógò: ọ̀kan fún àwọn tí òfin kà sí ọmọ Faransé, ọ̀kan fún àwa tó kù. Àwọn ti àpótí kìíní yan Aupiais. Àwọn ti ìkejì yan Apithy. Aupiais kú kí ọdún náà tó parí.

Ta ló dìbò fún Apithy lọ́jọ́ náà? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Àwọn olóyè, akọ̀wé, ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí ni. Ẹni tó ń kọ ọ̀pẹ ní Massè tàbí tó ń ro oko ní Oko-Akarè kò sí nínú ìwé. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tó dojú ìjà kọ Faransé ní 1914 àti 1915, kò ní ohùn rárá nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣòfin lé wọn lórí. Síbẹ̀, ilé aṣòfin tí Apithy jókòó sí náà ló fọwọ́ sí òfin tí Houphouët-Boigny gbé wá ní oṣù kẹrin 1946, tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ní oṣù karùn-ún, òfin Lamine Guèye sọ gbogbo wa di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní tèmi, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí aṣòfin wúlò fún, ọdún yẹn ni ká wò.

Ní ìparí 1946 wọ́n pín àgbègbè náà. Tógò yan Martin Aku tirẹ̀, Apithy sì ṣẹ́kù pẹ̀lú Dahomey. Ní 1951, àga di méjì. Apithy ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jà, ó dá PRD sílẹ̀. Òun gba àga kan, Hubert Maga láti àríwá gba èkejì. Ọdún yẹn náà ni òfin fún ìyá tó bí ọmọ méjì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ó di 1956 kí òfin tó gba gbogbo àgbà láyè, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà tí wọ́n sì yan ilé aṣòfin Dahomey ní 1957, PRD kó àga 35 nínú 60. Apithy di olórí fún àwọn mínísítà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rinlẹ̀ jù lọ ní Ouémé, tí àwa náà wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni oṣù kẹrin 1959. Wọ́n pín ilẹ̀ sí àgbègbè ìdìbò. Ẹgbẹ́ tó bá borí ní àgbègbè kan ló ń kó gbogbo àga ibẹ̀. Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa. UDD ti Justin Ahomadegbé gba ìbò 172.179, àga 11 péré ló bọ́ sí i lọ́wọ́. PRD ti Apithy gba ìbò 144.038, ó kó àga 37. RDD ti Maga gba ìbò 62.132, ó kó 22. Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni àga rẹ̀ kéré jù! Ìlú gbóná, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Láti pẹ̀tù sí i, wọ́n gba àga 9 lọ́wọ́ PRD fún UDD, ó sì di 28, 22 àti 20. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè dá ṣèjọba mọ́. Ní oṣù karùn-ún, Maga tó wà láàárín àwọn méjì tó ń jà ni wọ́n fi ṣe olórí ìjọba. Bí Apithy ṣe pàdánù ipò rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe nítorí pé àwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀ ọ́, bí kò ṣe nítorí pé ààlà tó ṣe é lóore ṣe é lóore ju bó ti yẹ lọ.

Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún dojú rẹ̀ kodò. Fún ìbò oṣù Kejìlá 1960, gbogbo orílẹ̀-èdè di àgbègbè kan. Apithy àti Maga ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì kó gbogbo àga 60. Ahomadegbé kò rí ẹyọ kan. Maga di olórí orílẹ̀-èdè, Apithy di igbákejì. Ẹ̀san 1959 kọ́ ni, ìwà kan náà ni.

Ìyókù kò gùn. Àwọn ológun lé Maga ní 1963; Apithy di olórí orílẹ̀-èdè ní oṣù kìíní 1964, Ahomadegbé ni igbákejì rẹ̀, wọn kò sì gbọ́ra wọn yé. Ní ìparí 1965 wọ́n lé àwọn méjèèjì. Ní 1970, nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ, Apithy halẹ̀ pé òun yóò kó agbègbè òun lọ bá Nàìjíríà. Àwa tí ẹnubodè kò jìnnà sí, tí mọ̀lẹ́bí wa wà ní òdìkejì, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ṣùgbọ́n èmi ò rí i pé ó bi wá léèrè. Wọ́n parí rẹ̀ sí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta, pé kí Maga, Ahomadegbé àti Apithy máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ní ọdún méjì méjì. Ahomadegbé ló wà lórí oyè nígbà tí Kérékou gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972. Ti Apithy kò kàn rárá. Wọ́n há àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lé títí di 1981.

Paris ni Apithy kú sí ní 1989, ní ìlú tí a ti kọ́kọ́ rán an lọ. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní 1999, òfin tuntun yọ Plateau kúrò lára Ouémé, Adja-Ouèrè sì bá a lọ.