Karl von Frisch, ọkùnrin tó fi hàn pé oyin mọ àwọ̀

Ogúnjọ́, oṣù kọkànlá, ọdún 1886 ni wọ́n bí Karl von Frisch sí ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin mẹ́rin. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni bàbá rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìlú náà. Iṣẹ́ dókítà ni òun náà kọ́kọ́ fẹ́ kọ́, ṣùgbọ́n ẹranko àti kòkòrò ló gbà á lọ́kàn láti kékeré, kò sì pẹ́ tó fi yà kúrò níbẹ̀.

Ní Munich, lórílẹ̀-èdè Jámánì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ti forí gbárí pẹ̀lú Carl von Hess, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ojú ti yunifásítì ibẹ̀. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni Hess, kì í ṣe ẹni tí ọmọdé ń bá jiyàn. Ohun tó sọ ni pé ẹja àti oyin kò mọ àwọ̀ kankan, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó ti kó oyin sínú òkùnkùn, ó tan iná aláwọ̀ oríṣiríṣi sí wọn, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n sì ń sá lọ, àwọ̀ yòówù kó jẹ́.

Von Frisch kò gbà. Oyin tí wọ́n bá há mọ́, ọ̀nà àbájáde ló ń wá, kí ló kàn án kan àwọ̀? Bí oyin kò bá sì mọ àwọ̀, ta ni òdòdó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ fún?

Ó gbé tábìlì síta, ó to páálí pẹlẹbẹ sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ búlúù, àwọn tó kù jẹ́ àwọ̀ eérú, láti orí èyí tó funfun dé orí èyí tó dúdú. Abọ́ gíláàsì kékeré wà lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ti búlúù nìkan ló ní omi ṣúgà. Ó ń pààrọ̀ àyè páálí náà lemọ́lemọ́, kí oyin má baà kàn há ojú ibẹ̀ sórí. Nígbà tó yá, ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó to páálí tuntun, ó fi gíláàsì bò wọ́n nítorí òórùn, kò sì fi ṣúgà sí abọ́ kankan. Orí búlúù ni àwọn oyin náà rọ́ lọ. Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, wọn ì bá ṣì í mú pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ eérú yẹn.

Pupa ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Oyin tó ti jẹun lórí pupa ń lọ sórí dúdú náà, nítorí ojú rẹ̀ kò rí pupa bíi tiwa. Ọdún 1914 ló gbé ìwé iṣẹ́ náà jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn fi hàn pé oyin ń rí ìtànṣán kan tí ojú ènìyàn kò rí rárá. Ojú von Frisch fúnra rẹ̀ kò dára tó, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi mú un wọṣẹ́ ológun nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní.

Ìjọba Hitler ló fẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ní 1941, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Júù wà lára rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, kó fi yunifásítì sílẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Nosema ń pa àìmọye oyin run ní Jámánì. Bí oyin bá sì tán, èso igi àti oúnjẹ yóò wọ́n, ogun sì wà nílẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ àrùn náà lé e lọ́wọ́, wọ́n sún ọ̀rọ̀ ìdádúró rẹ̀ di ẹ̀yìn ogun. Nígbà tí ogun fi máa parí, ìjọba náà ti wó.

Láàárín àwọn ọdún ogun ọ̀hún ló tún rí i pé ijó tí oyin ń jó nínú ilé rẹ̀ ló fi ń júwe ọ̀nà oúnjẹ fún àwọn yòókù. Ní 1973, òun àti àwọn méjì mìíràn jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ìlú Munich ló kú sí ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 1982, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún.