Al-Razi àti Ọmọ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kì í Jẹ́ Kó Sùn

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, nígbà tí àdúrà àsàlátù bá parí, tí àwọn ènìyàn dúró láti bi ara wọn léèrè àlàáfíà. Wọ́n á ní ọmọ àwọn kì í sùn lóru. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ sórí ẹní, á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹsẹ̀, á máa nà án, á máa ká a, á máa fi gbá ògiri, á sì máa sunkún. Bí wọ́n bá pọ̀n ọ́n tí wọ́n ń rìn kiri inú yàrá, á dákẹ́. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún di ẹkún. Ìyá tí kò sùn yìí náà ni yóò gbé igbá lọ sí ọjà ní òwúrọ̀. Òwe wa dá ọmọ lẹ́bi, ó ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ sọ ohun tó burú ju òwe lọ: wọ́n á ní emèrè ni, tàbí pé àgbàlagbà kan ní àdúgbò ló ń dà á láàmú.

Kí n tó sọ ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ pa ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Ó ti kú láti ohun tó lé ní 1,000 ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe kan àwọn ọmọ wa gidigidi.

Abu Bakr Muhammad ibn Zakariyya al-Razi ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Rayy ni wọ́n bí i sí ní 865, èyí tó jẹ́ ọdún 251 lẹ́yìn Híjíra, ní ilẹ̀ Páṣíà tí à ń pè ní Ìráànì lónìí. Orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pe ènìyàn ní ará Ìkàrẹ́ tàbí ará Ọ̀kà. Ìlú ọjà ni Rayy nígbà náà, ojú ọ̀nà ni ó wà fún àwọn oníṣòwò tó ń kó ẹrù bọ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ̀bá Tehran, olú-ìlú Ìráànì, ni ó wà lónìí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ o: àwọn òpìtàn sọ pé kì í ṣe ìṣègùn ni al-Razi fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Wọ́n ní ó ti ṣe iṣẹ́ ṣẹ́ńjì owó, ó sì mọ ohun èlò orin olókùn ta dáadáa nígbà èwe rẹ̀. Ìgbà tó ti dàgbà ni ó tó dojú kọ iṣẹ́ oògùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ pé ọjọ́ ti lọ fún òun láti kọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ náà délẹ̀, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn ní Rayy, lẹ́yìn náà ó di olórí ilé ìwòsàn ní Bagdad, níbi tí Kálífà àwọn Mùsùlùmí ń gbé.

Ibn al-Nadim, ẹni tó kọ ìwé nípa àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́, ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún wa. Àgbàlagbà olórí ńlá ni. Bó bá jókòó láti kọ́ni, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ a tò yí i ká ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Aláìsàn tó bá dé, àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é fún. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà níwájú wọn. Bí gbogbo wọn kò bá mọ̀ ọ́n, nígbà náà ni al-Razi yóò tó dá sí i. Ó láàánú àwọn tálákà, á máa tọ́jú wọn, á sì tún fún wọn ní owó oúnjẹ. Bí ènìyàn bá sì wọlé tọ̀ ọ́ nígbà tí kò sí aláìsàn, ìwé ni yóò bá a tó ń kọ.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà rẹ̀ ni pé kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí pé àgbà kan ló sọ ọ́. Àwọn ará àtijọ́ a máa pa ìtàn pé nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn ní Bagdad, ó ní kí wọ́n so ẹran tútù kọ́ sí oríṣiríṣi ibi nínú ìlú, ibi tí ẹran bá sì ti pẹ́ jù lọ kó tó rà ni ó ní kí wọ́n kọ́ ilé náà sí. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé nígbà kan tí àrùn burúkú inú orí ń ṣe àwọn ènìyàn, òun gba ẹ̀jẹ̀ lára apá kan nínú wọn, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ fi apá kejì sílẹ̀, kí òun lè rí èyí tí yóò sàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn dókítà òde òní ṣe ń dán oògùn wò kí wọ́n tó fi fún wa.

Òun ló kọ ìwé tó ya ìgbóná, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní ṣànpọ̀nná, sọ́tọ̀ kúrò lára èéyi, tó sì ṣàlàyé bí a ṣe lè dá èkíní mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ní 1848 ni a túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ òmíràn fún ẹni tí kò ní oníṣègùn nítòsí, kí tálákà àti arìnrìn-àjò lè fi oúnjẹ àti ewé tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn tọ́jú ara wọn. Ó sì tún kọ̀wé lórí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń fi oníṣègùn tó mọṣẹ́ sílẹ̀ lọ bá ẹlẹ́tàn. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ ọjà wa lónìí gan-an ni ó ń sọ?

Ìwé kékeré kan tún wà tí a mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀, èyí tó dá lórí àrùn ọmọdé nìkan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Èdè Látìnì àti Hébérù ni ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù, wọ́n sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí 24 ni ó ní. Ó sọ̀rọ̀ nípa gìrì, nípa etí dídùn, nípa èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ àti aràn, ó sì ka àìsùn ọmọdé mọ́ wọn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Àìsàn ni ó kà á sí, kò kà á sí ìwà búburú.

Ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó darúgbó. Àwọn kan ní iṣẹ́ iná tó ń ṣe láti yọ èròjà kan lára èkejì ló bà á jẹ́; Ibn al-Nadim ní ẹ̀wà tó ń jẹ ní àjẹjù ni. Wọ́n ní ẹnì kan wá láti là á lójú, ṣùgbọ́n al-Razi bi í pé awọ mélòó ló wà nínú ojú. Ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n, al-Razi kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan òun. Àwọn ọ̀mọ̀wé bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a du ipò rẹ̀ nínú ìṣègùn. Ní Rayy ni ó kú sí ní 925, ọdún 313 lẹ́yìn Híjíra. Àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí àwọn aláìsàn kún ilé. Lọ́wọ́ arábìnrin rẹ̀ ni wọ́n ti gbà wọ́n, tí wọ́n fi kó wọn jọ di ìwé ńlá tí à ń pè ní al-Hawi. Al-Biruni ka iṣẹ́ tó kọ, ó sì rí 184.

Al-Razi kò fún àrùn ẹsẹ̀ tí kì í sinmi ní orúkọ. Thomas Willis, dókítà ará Ìlú Ọba, ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ lára àgbàlagbà ní 1672. Karl-Axel Ekbom, ará Sweden, ni ó fún un ní orúkọ ní 1945. Ó sì pẹ́ kí àwọn dókítà tó gbà pé ó ń ṣe ọmọdé náà. Ní 2003 ni wọ́n gbé ìlànà jáde tí a lè fi dá a mọ̀ lára ọmọ. Nígbà tí wọ́n wádìí ju 10,000 ìdílé lọ ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, èsì tó jáde ní 2007 ni pé nínú 100 ọmọ tó wà láàrin ọdún 8 sí 17, nǹkan bí 2 ló ní in. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, bàbá tàbí ìyá náà ní irú rẹ̀.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Ọmọ tó ti lè sọ̀rọ̀ yóò ní nǹkan ń rìn nínú ẹsẹ̀ òun bí èèrà, tàbí pé ẹsẹ̀ ń ta òun. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ tàbí bó bá dùbúlẹ̀ ni ó ń le sí i. Bó bá rìn tàbí bí a bá fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ara á tù ú. Ọwọ́ alẹ́ sì ni ó máa ń pọ̀ jù. Ẹ̀yin àáfà ilé kéú, ẹ fi etí sílẹ̀ níhìn-ín: ọmọ tí kò lè ká ẹsẹ̀ jókòó pẹ́ níwájú wàláà ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ń tòògbé ní òwúrọ̀, ó lè jẹ́ pé kì í ṣe agídí. Kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ bi í bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí, kí ẹ sì bi ìyá rẹ̀ bí ó ti ń sùn.

Ti ọmọ ọwọ́ ṣòro díẹ̀, nítorí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Inú rírun, etí dídùn tàbí ibà lè mú un ju ẹsẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá le gbagidi, tí ojú rẹ̀ yí, tàbí tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n tí kò dúró bí a tilẹ̀ dì í mú, gìrì ni kí ẹ fura sí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ.

Kí ló wá ń fa èyí tí a ń wí? Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ohun tó ń fà á ni àìtó èròjà irin nínú ara. Ọpọlọ ń lo irin láti pèsè ohun tó ń darí bí apá àti ẹsẹ̀ ṣe ń rìn. Bí irin kò bá tó, ẹsẹ̀ lè má sinmi. Ìwádìí ìjọba ní Nàìjíríà ní 2018 sì fi hàn pé nínú 100 ọmọ tó wà láàrin oṣù 6 sí oṣù 59, nǹkan bí 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà ń jẹ ẹ̀jẹ̀, aràn ń mu ún, oúnjẹ kò sì dá a padà.

Kùránì Alápọ̀nlé fi ọdún méjì gbáko sí ọmú fún ìyá tó bá fẹ́ pé e. Ó dára, ẹ má ṣe gé e kúrú. Ṣùgbọ́n láti oṣù 6, ọmú nìkan kò ní irin tó ọmọ mọ́, ògì lásán kò sì lè dí àlàfo náà. Ẹ lọ edé àti ẹja gbígbẹ sí i. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà lílọ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti ẹran tí a gún, kí ẹ sì fún un ní ọsàn pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ọsàn ń jẹ́ kí ara gba irin. Ẹ má fi tíì sin oúnjẹ ọmọ, nítorí tíì ń dí irin lọ́wọ́. Kò sí èyí tí a kò lè rí ní ọjà Ìkàrẹ́, Ọ̀kà kò sì jìnnà síbẹ̀.

Bí ìjàdù ẹsẹ̀ náà kò bá dáwọ́ dúró, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, kí ẹ sì béèrè nípa irin tí ara fi pamọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè tó kí irin ìpamọ́ má tó. Ẹ má ra oògùn irin lójú pópó fún ọmọdé. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè má nílò rẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ sì lè pa ọmọ. Bí dókítà bá fún yín, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó. Ó lè gba oṣù mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́, ẹ mú sùúrù. Ẹ má sì ṣe fún ọmọ ní oògùn ikọ́ tàbí oògùn ara yíyún nítorí kó lè sùn: ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa mú kí ẹsẹ̀ náà le sí i.

Àdúrà wa dára, rùkíyà wa dára. Ṣùgbọ́n al-Razi kì í dá ènìyàn lẹ́bi kó tó wo ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yin ìyá Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ fi ojú sí ọmọ yín: ìgbà wo ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ló mú un dákẹ́, kí ni ó jẹ lọ́jọ́ náà? Bí ẹ kò bá mọ̀wé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lọ sí ilé-ìwé bá yín kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn yóò ran dókítà lọ́wọ́ gan-an.

Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní oorun àlàáfíà, kó sì tu ìyá wọn lára. Àmín.