ÌYÁ ÀWỌN ỌMỌ NÍ KÚDẸTÌ

Bíbélì kíkà: Mátíù 18:1-6, Hébérù 13:1-3

Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Nínú ìlú Ìlọrin wa yìí, bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń kan ilẹ̀kùn, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ a máa ru ìrẹsì, ọṣẹ àti aṣọ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n báwo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ kí ó gba àlejò? Báwo ni àlejò náà sì ṣe yẹ kí ó wọlé? Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lára obìnrin kan tó ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 1870, Anna Hinderer ti Ìbàdàn.

Ní ọdún 1827 ni wọ́n bí i ní Hempnall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣì kéré nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó yá, àlùfáà ìlú Lowestoft àti ìyàwó rẹ̀ gbà á sílé bí ọmọ. Ẹni tí a ti ṣí ilẹ̀kùn fún rí ni, òun náà sì mọ bí a ṣe ń ṣí i fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852 ó fẹ́ David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tí ìjọ C.M.S. rán níṣẹ́. Ní ọdún 1853 wọ́n dé Ìbàdàn.

Ìbàdàn kò tíì rí obìnrin òyìnbó rí. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà ló ń rọ́ wá wò ó. Anna kò lé wọn. Ó kí wọn, ó gbé ọmọ wọn jó, ó kọ́ èdè wọn. Síbẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn òbí láti fi ọmọ sílẹ̀ fún ilé ìwé. Olóyè Olúnlóyọ̀ ló kọ́kọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé e lọ́wọ́. Olóyè náà kì í ṣe Kristẹni, ṣùgbọ́n ó ti rí ìwà obìnrin náà.

Bí ilé Kúdẹtì ṣe ń kún nìyẹn. Àwọn ọmọ tí ogun kó lẹ́rú, tí wọ́n rà padà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni Ògúnyọmí. Ọmọ yìí wá ṣe alábàápàdé ìyá tó bí i, tí òun náà ń ṣe ẹrú ní ìlú kan náà. Wọ́n ra ìyá náà padà, ó sì di alásè fún àwọn ọmọ ilé náà. Dáníẹ́lì Olúbí wá láti Abẹ́òkúta láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Henry Johnson náà wá láti Sàró ní ọdún 1858 pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Sámúẹ́lì ọmọ rẹ̀ ló wá kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá.

Ní ọdún 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà etíkun dí, ẹrù àti owó láti òkè òkun kò wọlé mọ́. Anna ń ta ẹrù ilé rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ta ló ràn wọ́n lọ́wọ́? Àwọn aládùúgbò ni, àwọn tí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n ti ń jáde níbẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀nà ṣì là. Wọ́n yá wọn lówó ẹyọ. Ní ọdún 1865 Glover rán Kápítéènì Maxwell láti Èkó, ó gba inú igbó wá mú Anna jáde, nítorí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó tún padà sí Ìbàdàn, kò kúrò níbẹ̀ pátápátá títí di ọdún 1869. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kú ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Iṣẹ́ kò kú. Olúbí, tó wá ṣe ìrànlọ́wọ́, di àlùfáà, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Ẹ̀yin alábòójútó ilé ọmọ, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò, ìbáà ṣe Mùsùlùmí. Ọjọ́ tí ọ̀nà jíjìn bá dí, òun ni yóò gbọ́ igbe yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ń wọlé. Ẹ béèrè ibi tó ti wá, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹ rántí ọlọ ọlọ́rùn tí Olúwa wa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin àlejò, ọmọ aláìlóbìí kì í ṣe ìran wíwò. Ẹ má tò wọ́n sẹ́yìn àpò ìrẹsì ya fọ́tò. Ẹ sọ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣèlérí tí ẹ kò ní mú ṣẹ, nítorí ọmọ tí kò ní òbí a máa ka ọjọ́. Ẹni tó lè dirun, kí ó lọ dirun. Ẹni tó mọ ìṣirò, kí ó lọ kọ́ wọn. Ẹni tó lè sebẹ̀, ìyá Ògúnyọmí ti ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù láìyẹ̀ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tìlù tìfọn.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tó gba ọmọdé mọ́ra, jẹ́ kí ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀, kí ọwọ́ wa mọ́, kí ẹsẹ̀ wa má ṣe rẹ̀ lọ́nà ilé àwọn ọmọ rẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.